Àtàǹpàkò Ìyá Ọkọ Mi

Orúkọ mi ni Morìnsọ́lá, ẹnu mi sì mú díẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ibi iṣẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Èmi ni mo ń kun àwọn aláìsàn lóorun kí dókítà tó fi abẹ kàn wọ́n, èmi náà ni mo sì ń jí wọn nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àwọn ènìyàn rò pé kíkun ènìyàn lóorun ló ṣòro. Irọ́ ni. Ta ni kò lè sùn? Inú jíjí ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣí ikùn ènìyàn, oorun nìkan kò tó, nítorí iṣan ikùn á máa le, kò ní jẹ́ kí dókítà rí ọ̀nà. A ní oògùn kan tí ń dẹ gbogbo iṣan ara, títí kan èyí tí a fi ń mí. Bí a bá ti fún aláìsàn, a ó ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ̀rọ ni yóò sì máa bá a mí títí iṣẹ́ yóò fi parí. Lẹ́yìn náà a ó fún un ní oògùn mìíràn tí ń lé ti àkọ́kọ́ kúrò lára, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í gba agbára padà díẹ̀díẹ̀, a ó sì yọ rọ́bà. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ìkánjú yọ ọ́ kí agbára tó padà tán, aláìsàn á la ojú sílẹ̀, á máa wò ọ́, kò sì ní lè mí dáadáa. Ohun tí ń ba gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́rù nìyẹn.

Èmi ní ọgbọ́n tèmi tí mo fi ń mọ̀ pé agbára ti padà. Kí aláìsàn tó wọ tíátà, mo máa ń bi í ní oríkì rẹ̀. Bí dókítà bá ti rán ikùn tán, mo máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo máa pe oríkì yẹn, mo máa ní kí ó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Bó bá gbé e, tó sì dá a dúró díẹ̀, mo yọ rọ́bà nìyẹn. Mo ti pe ọkùnrin kan ní Místà Isaac títí ọ̀fun mi fi gbẹ, kò mira. Ìgbà tí mo pè é ní Àjàní, díẹ̀ ló kù kó já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí aláìsàn bá jẹ́ àgbà, mo máa ń fi Bàbá tàbí Màmá síwájú oríkì náà, kí wọ́n má baà sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé. Láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ayédé, wọ́n mọ̀ mí sí nọ́ọ̀sì tí ń fi oríkì jí ènìyàn, inú mi sì máa ń dùn sí i gan-an.

Ìdí nìyẹn tí orí mi fi gbóná nígbà tí Dókítà Olúsọjí, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn wa, lọ fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí ayélujára láì bi mí.

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ni?" mo bi í.

"Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá iṣan aláìsàn ti gba agbára padà tàbí kò tí ì gbà á."

"Èmi Morìnsọ́lá ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìyẹn?"

"Wọ́n máa fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí wa tí wọ́n fi ń wò ó. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọkùnrin yẹn mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé n kì í kọ ọ̀fẹ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo ń lọ jókòó sínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà lórí òkè, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró lójú kan. Olùkọ́ wa, Dókítà Tìmílẹ́yìn, wà ní Ìbàdàn. Ọmọ tí mo lè bí ni. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìgbà kejì tí a pàdé ló sọ pé ká má gbẹ́kẹ̀ lé gbígbé orí sókè mọ́, pé aláìsàn lè gbé orí kí agbára rẹ̀ tó pé. Mo tan máìkì mi.

"Dókítà, orí àwọn aláìsàn ìlú tiwa kì í purọ́," mo ní.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Mà," ló wí. "Ẹ ṣáà máa fi ẹ̀rọ yẹn sí wọn lọ́wọ́, kí ẹ wo ohun tí àtàǹpàkò bá sọ. Bí orí àti àtàǹpàkò bá ń sọ ohun kan náà, a jẹ́ pé òótọ́ lẹ sọ."

Mo pa fóònù. Ṣé ẹ rí ayé? Àtàǹpàkò wá di ẹlẹ́rìí!

Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, kò tó rédíò ọwọ́. Wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ́kọ́ dán an wò lára ẹni tí kò sùn kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ta ni mo ní bí kò ṣe ọkọ mi? Ayọ̀kúnlé ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú wa, ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Mo ní kó na ọwọ́ wá sórí tábìlì. Mo lẹ nǹkan onígọ́ọ̀mù méjì mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, níhà ibi tí ìka ọmọńdinrín wà, mo fi pílásítà de ohun kékeré tí ń ka ìmira mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀, mo sì tẹ ẹ̀rọ. Àtàǹpàkò ọkọ mi bá fò lẹ́ẹ̀mẹrin fúnra rẹ̀.

"Morìn! Ta ní ń mi ọwọ́ mi?"

"Iná kékeré ni. Jókòó jẹ́jẹ́."

"Uná kẹ̀? O fi uná sí mi lára nínú ulé mi?" Bí inú bá ti bí Ayọ̀kúnlé, Èkìtì gidi ló ń sọ.

Mo ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún mi. Bí agbára bá wà nínú iṣan, ìfò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á rí bákan náà. Bí oògùn tó ń dẹ iṣan bá ṣì wà lára, ìfò kẹrin á rọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rọ yẹn á fi ìkẹrin wé ti àkọ́kọ́, á sì kọ nọ́ńbà sójú. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ náà. Tí nọ́ńbà kò bá tí ì dé àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ní ká má fọwọ́ kan rọ́bà. Ti ọkọ mi pé ọgọ́rùn-ún géérégé. Mo sọ fún un pé agbára rẹ̀ pé. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí n ṣáà tú òun sílẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ náà fún àwọn aláìsàn. Lára àwọn tí mo kọ́kọ́ lò ó fún, kò sí èyí tó já mi nírọ́. Mo pe oríkì, wọ́n gbé orí, mo wo nọ́ńbà, ó ti kọjá àádọ́rùn-ún. Mo fi ránṣẹ́ sí Dókítà Tìmílẹ́yìn, mo sì fi kún un pé orí Èkìtì nìyẹn. Ó dá mi lóhùn pé "Ẹ kú iṣẹ́, Mà, ẹ máa wò ó lọ." Mo fọ́nnu títí Ìrètí, nọ́ọ̀sì tó máa ń bá wa dúró ní tíátà, fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ káwọn jẹun.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi fi dé.

Ìtàjí ni Màmá ń gbé. Oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń fọ epo. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí inú ti ń run ún lápá ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ, tó ń di ẹ̀bi ru ẹ̀wà. A gbé e wá sí Ìkọ̀lé, wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, òkúta ló kún àpò òróòro rẹ̀. Dókítà Olúsọjí ní àfi kí àwọn yọ ọ́, bí ó bá pẹ́ jù, ó lè di nǹkan mìíràn. Màmá fi ọwọ́ lé àyà.

"Kí n sùn, kí n má mọ ibi tí mo wà, kí wọ́n máa fi ọ̀bẹ wá nǹkan nínú mi? Rárá o. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí n ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n tó ń wí yìí, Bàbá Ẹlúyẹmí ni, ní Òkè-Akọ. Ìyá àti bàbá wọn kú nígbà tí Màmá ṣì kéré, òun ló tọ́ ọ. Òun ló fà á fún ọkọ. Títí di òní olónìí, Màmá kì í dá nǹkan ńlá ṣe láì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Èmi, Ayọ̀kúnlé àti Màmá bá kó sínú mọ́tò, ó di Òkè-Akọ.

Bàbá wà níwájú ilé níbi tó ti ń bẹ iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Bí Màmá ti bọ́ sílẹ̀ báyìí, ó di ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún mú, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo rí òógùn níwájú orí rẹ̀. Kò dìde títí Bàbá fi ní, "Dìde, ó tó." Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ-ọmọ nìyẹn o.

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán. Kò béèrè nípa òkúta, kò béèrè nípa ọ̀bẹ. Èmi ló kọjú sí.

"Ùyàwó, ta ni yóò kùn ún lóorun?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ni yóò jí i?"

"Èmi náà ni, sà."

Ó wò mí títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lanu gbé mi mì. "Àwa púpọ̀ la wà nínú ulé yìí rí. Òun nìkan ṣoṣo ló kù fún mi. Bí o bá mú un yún, kí o mú un bọ̀ wá bá mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti kun ọ̀pọ̀ ènìyàn lóorun, kò sí èyí tí wọ́n tíì kà sí mi lọ́rùn báyẹn.

A ti dágbére, a ti jókòó sínú mọ́tò, kí n tó rántí pé n kò lè pe Màmá. Ṣé ìyàwó máa ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní oríkì ni? Mo lè fi Màmá síwájú oríkì fún ìyá oníyàá, kò sí wàhálà. Ẹni tó bí ọkọ mi ńkọ́? Àbúrò ọkọ mi tí mo bá nílé nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, Àkọ́wé ni mo ń pè é títí di òní yìí, n kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ta ni yóò wá gbọ́ pé mo dúró lórí ìyá ọkọ mi, mo ń pe oríkì rẹ̀, mo tún ń pàṣẹ fún un? Mo sọ ọ́ fún Ayọ̀kúnlé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òun náà ní òun kò lè pe ìyá òun bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tó ni ín ló yẹ kó pè é," ló wí, ó sì pa mọ́tò.

Ó padà lọ bá Bàbá, ó na fóònù sí i lẹ́nu, ó ní kó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ kí àwọn gbà á sílẹ̀ fi jí Màmá. Bàbá rò pé fóònù náà dití. Ó gbé ohùn sókè débi pé àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu fọ́n ká: "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró, ọmọ olóko usu tí kì í ra usu jẹ! Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń pè ọ́ o! Dìde!"

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, Ìrètí fi ọ̀rá mímọ́ wé fóònù ọkọ mi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Mo kun Màmá lóorun, mo de ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́wọ́, mo fún un lóògùn, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dákẹ́ bó ṣe yẹ. Dókítà Olúsọjí ṣiṣẹ́ náà mọ́nránmọ́nrán. Òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà ló kó jáde. Nígbà tó ń rán ikùn, ó ní iṣan tún ti ń le, kí n fi oògùn kún un díẹ̀. Mo fi kún un. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ìbomú, nítorí wọ́n ń retí rẹ̀ níbi ìdúpẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Ìdó.

Ó rán an tán. Mo fún Màmá ní oògùn tí ń lé ti àkọ́kọ́, mo dín èyí tí ń kùn ún lóorun kù. Kò pẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìrètí kò dúró kí n sọ̀rọ̀. Ó tẹ fóònù.

"Àwẹ̀ró!"

Ohùn Bàbá gba tíátà kan. Màmá la ojú. Orí rẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí, ó ga, ó dúró lókè. Kò mọ síbẹ̀. Mo rí orúnkún rẹ̀ tó ń ká bọ̀ lábẹ́ aṣọ, mo rí èjìká rẹ̀ tó ń yí sí ẹ̀gbẹ́. Ìrètí pàtẹ́wọ́, ó ń fò sókè, ó ń kí mi pé mo kú ewu.

"Ó ti jí!" Dókítà Olúsọjí ní. "Morìn, yọ rọ́bà, ká máa lọ. Ohun tó bá ti yá kì í tún pẹ́ mọ́."

Mo ti tú pílásítà tó di rọ́bà mú. Ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀. Nítorí pé mo ní láti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ wa ni mo ṣe ju ojú sí ẹ̀rọ yẹn, mo sì rí méjìlélọ́gọ́ta.

Mo tún un tẹ̀. Àtàǹpàkò Màmá fò lẹ́ẹ̀mẹrin. Lójú tèmi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Nọ́ńbà ní méjìlélọ́gọ́ta. Ẹ̀rọ yìí bí mi nínú, ká ní n kò bẹ̀rù Ọlọ́run ni, mo lè là á mọ́lẹ̀. Orí wà lókè, gbogbo wa rí i! Kí ni àpótí kékeré tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn mọ̀ nípa ìyá ọkọ mi? Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo bi ara mi pé, bí mo bá yọ rọ́bà yìí, tó sì ṣe pé orí ló purọ́, kí ni n óò lọ sọ ní Òkè-Akọ? Mo gbé ọwọ́ kúrò.

"Kí lo ń dúró dè?" Dókítà bi mí.

"Àtàǹpàkò."

"Ṣé orí tí a jọ rí yìí kò tó ọ?"

"Dókítà, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Bí a ti ń fà á, orí Màmá ti rọra padà sórí ìrọ̀rí. Mo ní kí Ìrètí tún tẹ fóònù. Bàbá tún ké sí i bíi ti àkọ́kọ́. Màmá gbọ́. Ó gbọ́ dájú, nítorí iwájú orí rẹ̀ kíjọ, ojú rẹ̀ là, iṣan ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ti ń gbìyànjú. Orí yẹn kò kúrò lórí ìrọ̀rí. Omi ṣàn jáde ní ìkángun ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Kò sí agbára nínú ọrùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é, kò sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun pe òun kí òun má dìde, ó ti fi gbogbo èyí tó kù lára rẹ̀ gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán.

"Pa fóònù yẹn!" mo ké mọ́ Ìrètí. Mo fi ọwọ́ nu ojú Màmá. "Màmá, ẹ sinmi. Ẹ má dìde o. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ dìde." Mo dá oorun padà fún un díẹ̀ kó má baà máa mọ ìnira, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá a mí, mo sì jókòó ti àtàǹpàkò.

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ mọ́. Dókítà Olúsọjí bọ́ ìbọ̀wọ́, ó lọ fọ ọwọ́, mo rò pé Ìdó ló ń lọ. Ó padà wá, ó fa àga, ó jókòó sí ọ̀dọ̀ mi. "Mélòó ni?" ló bi mí jẹ́jẹ́. Mo ní ó ti di àádọ́rin. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún bi mí. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á. Ìrètí náà dé, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé mi léjìká. Nígbà tí nọ́ńbà dé márùndínláàádọ́rùn-ún, tó dúró síbẹ̀, tí kò lọ mọ́, Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù: "Lọ, lọ, jọ̀ọ́, lọ!" Ó lọ. Nígbà tó kọjá àádọ́rùn-ún, igbe tí àwa mẹ́ta ké, àwọn tó wà lóde rò pé obìnrin kan ló bímọ.

Mo dá oògùn oorun dúró. Lọ́tẹ̀ yìí a kò tẹ fóònù. Màmá fúnra rẹ̀ ló jí, ó húkọ́ gidi, ó gbé ọwọ́ láti fa rọ́bà yọ, mo sì bá a yọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó tún mí. N kò tíì gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wò mí, ó wo àjà, ó tún wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi dà?" ohùn rẹ̀ há. "Mo gbọ́ ohùn wọn. N kò kí wọn."

Mo sunkún. Kí n kúkú sọ ọ́. Èmi tí ẹnu mi mú, mo fi orí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún bí ọmọdé, Dókítà ní kí n má da omi sójú egbò tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo pe Dókítà Tìmílẹ́yìn, mo ròyìn ohun gbogbo fún un. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín kò purọ́." Ó bi mí bí Màmá ṣe ń ṣe. Mo ní ó ń béèrè ẹ̀wà. Ó rẹ́rìn-ín títí dátà mi fi tán.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Bàbá Ẹlúyẹmí dé lórí ọ̀kadà láti Òkè-Akọ, pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà. Ìròyìn ti dé bá a pé Màmá jí nígbà tó gbọ́ ohùn òun. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ti sọ ọ́ fún onígéètì, ó ti sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ta ògì níwájú ọgbà.

"Ùyàwó!" ó ké sí mi. "O kú uṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ ńbẹ̀, ohùn mi ló gba àbúrò mi lọ́wọ́ ukú!"

Mo lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn ìyìn. Àmọ́ mo rántí omi tó ṣàn ní ìkángun ojú Màmá, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ohùn yín dé etí wọn kí agbára tó dé ara wọn. Wọ́n fi tipátipá gbé orí nítorí pé ẹ̀yin ni. Díẹ̀ ló kù kí ó tàn mí jẹ kí n yọ ohun tí wọ́n fi ń mí."

Ọwọ́ tó ń jù dúró. "Kí ló fẹ́ gbéra ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ kí yín ni, sà. Orúnkún wọn ti ká bọ̀."

Bàbá ṣí fìlà, ó ká a mọ́wọ́, ó tẹ̀ lé mi wọ inú wọ́ọ̀dù. Ayọ̀kúnlé wà níbẹ̀ tó ń fún Màmá lómi. Bí Màmá ti fojú kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì, ó ti ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ pẹ̀lú ojú egbò tútù lára. Mo pariwo. Ayọ̀kúnlé da omi nù.

Bàbá ló yára ju gbogbo wa lọ. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá arúgbó tí gbogbo Òkè-Akọ ń dọ̀bálẹ̀ fún!

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ dìde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí bú!"

"Dá ẹsẹ̀ yẹn padà sókè," Bàbá ní. "Èmi ni mo wá kí ọ lónìí. O kú ewu, àbúrò mi. Bí o kò bá dùbúlẹ̀, n kò ní í dìde."

Màmá wò ó. Ó wò mí, mo mi orí sí i. Ó wá gbé ẹsẹ̀ padà, ó rọra fi orí lé ìrọ̀rí, ó sì fi í síbẹ̀.